Àpótí Ìmọ̀: Ìkìlọ̀ Tó Padà Wá, Ṣé Òótọ́ Ni?

Bí ímeèlì kò bá rí ẹni tí a kọ ọ́ sí, ìkìlọ̀ máa ń padà sí àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí. Wọ́n á fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn ṣe olùfiránṣẹ́ lẹ́tà èké wọn, ìkìlọ̀ gbogbo èyí tí kò dé ibi tó ń lọ á sì ya bo sáfà ímeèlì aláìṣẹ̀ náà. Ẹ má ṣe torí ìyẹn dènà gbogbo ìkìlọ̀: ẹni tó ṣi àdírẹ́sì kọ kò ní mọ̀ pé lẹ́tà òun kò dé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní BATV, tó ń fi àmì dá ojúlówó ìkìlọ̀ mọ̀, ló sàn jù. Sáfà á fi àmì kan síwájú àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́ tó wà lára àpòòwé ímeèlì. Àmì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «prvs=»; ó ní ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀, tí a kà láti 1970, àti òǹtẹ̀ tí a fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣírò. Ojúlówó ìkìlọ̀ kì í ní olùfiránṣẹ́, òfìfo ni àyè rẹ̀. Àdírẹ́sì alámì yìí ló sì gbọ́dọ̀ dé sí. Èyí tí kò bá ní àmì tó péye, sáfà á kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó gba ara lẹ́tà náà wọlé.