Àkọsílẹ̀ Àṣìṣe àti Ojú Ẹlẹgbẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Iṣẹ́-Abẹ Ọpọlọ

Láti ìgbà tí mo ti wà nínú iṣẹ́ àlùfáà, mo ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́-abẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọpọlọ ni a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, àní àwọn alágbára a dákẹ́. Orí ni ààfin ara. Báwo ni a ṣe dé ibi tí ènìyàn fi lè ṣí ilẹ̀kùn ààfin náà, kí onílé má sì kú?

Ní 1887, ní ìlú London, Victor Horsley yọ kókó kan kúrò nínú ọ̀pá-ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí kò lè rìn mọ́, ọkùnrin náà sì tún rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ iṣẹ́ yìí di ẹ̀ka tí ó dá dúró ni Harvey Cushing, ọmọ ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, wọ́n pè é kí ó fún aláìsàn kan ní oògùn amúnisùn. Aláìsàn náà sì kú. Wọ́n ní kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kò lè gbàgbé. Ó tilẹ̀ rò ó láti fi ìṣègùn sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, òun àti Amory Codman, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ọkàn aláìsàn ti ń lù àti bí ó ti ń mí sílẹ̀, ní gbogbo àsìkò tí ó bá wà lójú oorun.

Ní 1901, Cushing rí ẹ̀rọ tí Riva-Rocci fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní Pavia, ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì mú ìmọ̀ náà lọ sílé. Ó ń ka àwọn tí ó yè, ó sì ń ka àwọn tí ó kú. Ní òpin iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí ń kú lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ kókó inú ọpọlọ kò tó 10 nínú 100 mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1920, òun àti àwọn díẹ̀ dá Society of Neurological Surgeons sílẹ̀, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé. Kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ-ẹbí. Wọn a pé jọ sí ilé-ìwòsàn ọ̀kan nínú wọn, onílé a ṣiṣẹ́-abẹ níṣojú wọn, wọn a sì jíròrò lórí ohun tí wọ́n rí. Ẹ rò ó wò: kí ọ̀gá jẹ́ kí ojú ẹlẹgbẹ́ wà lára ọwọ́ rẹ̀, bí ọwọ́ náà bá tilẹ̀ gbọ̀n!

Odò náà ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ Edgar Kahn ní Yunifásítì Michigan. Ní 1962, ó padà wá sí University College Hospital ní Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Ìbàdàn kan náà, ní 1960, ni àwọn oníṣẹ́-abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí West African College of Surgeons. Ní 1971, Odeku àti Adelola Adeloye jọ ṣe àpèjúwe kókó kan tí a máa ń bí mọ́ ọmọ lórí àwùjẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn oníṣègùn sì fi ń pè é. Odeku kú ní 1974, ní ẹni ọdún 47. Iṣẹ́ náà kò bá a kú, nítorí kò dá a ṣe.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níhìn-ín. Èkíní, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kùnà, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó gbàgbé. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ jọ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Àṣìṣe tí a kọ sílẹ̀ a máa di àtùpà; èyí tí a bò mọ́lẹ̀ a máa di kòtò fún ẹlòmíràn. Èkejì, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá pé jọ kìkì láti jẹun kí a sì ya fọ́tò, a kò tíì di ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti àlùfáà inú wa lè sọ láàárín ara wọn pé, “Ibi tí mo ti kùnà nìyí.” Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Kí Olúwa tí ó mọ orí àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀. Àmín.