Kí Ló Ń Pa Gílóòbù Ìta Yín Láìtọ́jọ́?

Tí ilẹ̀ bá ṣú ní Alápẹ̀rẹ̀, l'Ékòó, iná ńlá orí òpó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo àti gáréèjì ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ti ọjà Mile 12 bọ̀ rí ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé. LED ti rọ́pò púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lókè: sodium tó ń tàn pupa rúsúrúsú, àti metal halide tó ń tàn funfun. Sodium tó jẹ́ ojúlówó, wákàtí 24,000 ni àwọn tó ṣe é sábà máa ń kọ fún un. Ẹni tó bá ń tan án fún wákàtí méjìlá lálẹ́ yẹ kó lò ó ju ọdún márùn-ún lọ. Tí tiyín bá ń kú lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má tíì sáré lọ ra òmíràn. Nǹkan kan ló ń pa á, yóò sì pa èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà, ẹ pa breaker, kí ẹ sì fi ẹnìkan ṣọ́ ọ. Pé NEPA ti mú iná lọ kò tó. Wọ́n lè mú un dé, tàbí kí ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀, nígbà tí oníṣẹ́ ṣì wà lókè. Ẹ dúró kí gílóòbù tutù, kí iná tó kù nínú capacitor, tó máa ń tọ́jú iná pamọ́, náà sì ti jáde tán. Ẹ má sì ki tẹ́sítà bọ hóódà nígbà tí iná bá wà lórí rẹ̀: fóólítì 3,000 sí 5,000 ni ignitor ń jù láti fi ta gílóòbù jí. Yóò ba tẹ́sítà jẹ́, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe.

Lójú ọ̀sán, ẹ yẹ òkú gílóòbù náà wò. Ọ̀pá kékeré kan wà nínú gíláàsì ńlá; inú rẹ̀ ni iná ti ń jó. Bí ìdí rẹ̀ méjèèjì bá ti dúdú, tí gílóòbù náà kò sì tíì pé ọdún kan, iná tó ń wọ̀ ọ́ ti pọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ń tan án ní àtàntúntàn. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun nínú gíláàsì ńlá, atẹ́gùn ti wọlé: gíláàsì ti sán, bóyá wọ́n fún un le jù, bóyá òjò kán sí i lára nígbà tó gbóná. Tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, ó lè má tíì kú rárá. Ẹ gbé e lọ sórí òpó mìíràn tó ń lo irú rẹ̀, tí wáàtì wọn bára mu. Tó bá tàn níbẹ̀, ignitor, hóódà tàbí wáyà òpó yín ni kí ẹ lọ bá.

Ní tèmi, choke ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ló ń díwọ̀n iná tí gílóòbù ń jẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ kà á. Tí gílóòbù bá jẹ́ wáàtì 250, 250 ni choke náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Choke 400 yóò jó o pa. Ẹ wo fóólítì tí wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Choke tí wọ́n ṣe fún 220, tó wá wà lórí iná tó ń dé 240, ń bọ́ gílóòbù yó ju bó ṣe yẹ lọ: tí fóólítì bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé, agbára tí sodium ń jẹ lè fi nǹkan bí ìdá 12 lé. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ yín wọn iná ní aago méjì òru, nígbà tí àdúgbò ti sùn, tí fóólítì sì máa ń gòkè, kì í ṣe lọ́sàn-án nìkan. Fítììnì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ewu tirẹ̀. 60Hz ni wọ́n ṣe é fún, 50Hz sì ni tiwa. Lórí 50Hz, irú choke bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí iná tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ kọjá, òun fúnra rẹ̀ a sì máa gbóná. Kò sí gílóòbù tó lè bá a pẹ́.

Lẹ́yìn choke, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Wákàtí 24,000 yẹn, wọ́n kà á bí ẹni pé gílóòbù ń fi nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá tàn kí wọ́n tó pa á. Lọ́dọ̀ wa, ó lè kú kó sì jí nígbà mẹ́rin lóru kan, gbogbo jíjí bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ nínú ẹ̀mí rẹ̀. Tí iná bá lọ, metal halide tó gbóná nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó lè tún tàn. Ẹ má ṣe yí i sí jẹnẹrétọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ẹ má sì fi òkú gílóòbù sílẹ̀ sínú hóódà pẹ̀lú iná lórí, nítorí ignitor yóò máa ju fóólítì ńlá láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀, títí òun àti choke yóò fi bàjẹ́.

Èyí tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn ńkọ́? Tí sodium bá ti darúgbó, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ wọn fóólítì láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń lo iná. Tó bá lọ sílẹ̀ gan-an, gílóòbù kò ní lè dúró. Ẹ wo photocell náà, ohun tó ń tan iná fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú: tí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù fúnra rẹ̀ bá ń tàn sí i lójú, yóò rò pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò sì pa á.

Àwọn òpó tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí afárá Third Mainland tún ní ìṣòro mìíràn. Ọkọ̀ àjàgbé ń mì wọ́n tọ̀sán tòru, gílóòbù á dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú hóódà, iná á máa ṣẹ́ pàrà níbẹ̀. Hóódà tó ti jó dúdú, pípààrọ̀ ni, kì í ṣe fífọ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ rọ́bà tó yí ojú fítììnì ká wò, kí ẹ sì gbé ojú ìdè wáyà ìdí òpó kúrò níbi tí àgbàrá ti lè bò ó.

Tí gíláàsì ìta metal halide bá fọ́, tí inú sì ṣì ń tàn, ẹ pa á kíákíá. Ìtànṣán rẹ̀ ń jó ojú àti awọ ara. Ilé epo tó ń tan tirẹ̀ tọ̀sán tòru gbọ́dọ̀ máa pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán lọ́sẹ̀, nítorí èyí tó ti gbó lè bú gbàmù. Mercury wà nínú àwọn gílóòbù yìí. Ẹ má fọ́ wọn sínú ìdọ̀tí. Àwọn tó ń ṣa nǹkan ní ààtàn Olúṣòsùn ni yóò fà á símú.

Tí ẹ bá wá pinnu pé LED ni ẹ fẹ́ fi sínú hóódà kan náà, kí oníṣẹ́ yọ choke àti ignitor kúrò lójú ọ̀nà iná kó tó fi í sí i. Ignitor tí wọ́n bá gbàgbé síbẹ̀ lè pa LED tuntun náà lálẹ́ ọjọ́ kìíní.