Ọmọ Ológbò Nínú Ilé Mùsùlùmí

Ní Ṣómólú àti Bàrígà lónìí, kì í ṣe torí èkúté nìkan ni a fi ń wá ológbò mọ́. Àwọn ọmọ wa ń rí ológbò onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Persian lórí fóònù, wọ́n sì ń bẹ̀ wá pé ká rà á. Ká tó náwó sí i, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ̀sìn wí
Ológbò kì í ṣe nájíìsì. Abú Kọtáda, sàábé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), gbé omi àlùwàlá rẹ̀ fún ológbò mu, ó sì ṣàlàyé pé Ànábì ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nájíìsì ni ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá kan aṣọ tàbí ẹní ìkírun, fífọ̀ ni. Ní ti rírà á, hádíìsì kan wà nínú Sọhíìhù Muslim tó kọ owó ológbò. Àwọn onímọ̀ kan dì í mú, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà á láàyè. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè gba ti aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó mú un wálé
Ẹ má gba ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀sẹ̀ 12 ló dára jù fún Persian. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé. Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ẹni tó ń sìn wọ́n, ẹ wo ìyá wọn, ẹ sì wò ó bóyá àwọn ọmọ náà ń sún mọ́ ènìyàn. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ti oògùn aràn. Bó bá pé oṣù 3, kí dókítà ẹranko fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́
Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti jẹnẹrétọ̀ kò wọ́n ládùúgbò wa. Ẹ tẹ́ aṣọ sínú páálí, kí ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá tí èéfín kò dé. Bó bá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fà á jáde; ẹ gbé oúnjẹ sí ìtòsí, yóò jáde fúnra rẹ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kó wá bá wọn. Mílíìkì màlúù máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún un. Omi ni kó mu. Ẹ máa ya irun Persian lójoojúmọ́, ẹ má sì tì í mọ́ yàrá tó ń móoru.

Ìmọ́tótó
Àgékù bébà láti ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú wúlò fún ibi ìyàgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí orúkọ Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìgbẹ́. Ẹ máa kó ìgbẹ́ náà dànù lójoojúmọ́: kòkòrò toxoplasma tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń lo ọjọ́ 1 sí 5 kó tó lè ran ènìyàn. Kí aboyún má ṣe iṣẹ́ yìí, torí ó lè pa ọmọ inú lára.

Ẹ bẹ àwọn ayálégbé yòókù kí wọ́n má da oògùn èkúté tàbí ọ̀tápíápíá sílẹ̀. Ológbò tó bá jẹ èkúté tó ti jẹ májèlé lè bá a kú.

Bí ológbò tàbí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo tàbí àgbo dí i. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn, ekukáká ni ènìyàn fi ń yè é.

Bí aládùúgbò bá ní àjẹ́ ni ológbò, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé Abú Hurayra, sàábé tó gba hádíìsì wá jù, ọmọ ológbò ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ rántí obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé láìfún un lóúnjẹ. Bí a kò bá lè tọ́jú rẹ̀, ká má mú un wálé. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká lè ṣọ́ àmáánà. Àmín.