Àpótí Ìmọ̀: Bí Iṣan Èjìká Bá Já Kọjá Rírán

Iṣan mẹ́rin ló yí oríkèé èjìká ká, àwọn ló di orí eegun apá mú sínú kòtò rẹ̀. Bí wọ́n bá ya, dókítà oníṣẹ́ abẹ lè rán wọn padà mọ́ eegun. Ṣùgbọ́n èyí tó ti já tipẹ́ a máa súnkì, ọ̀rá a sì gba ipò ẹran inú rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ rán an, ó lè tún ya. Ẹni tó ń ṣe lè má lè gbọ́wọ́ sókè ya irun orí ara rẹ̀ mọ́.

Láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ní ọdún 1985, Paul Grammont, dókítà ní ìlú Dijon lórílẹ̀-èdè Faransé, dorí oríkèé náà kodò. Ó fi bọ́ọ̀lù àtọwọ́dá síbi tí kòtò wà lára eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká, ó wá gbé kòtò àtọwọ́dá sórí eegun apá. Ọgbọ́n ńlá ni! Ojú ibi tí apá ti ń yí sún wálẹ̀, ó sì sún wọnú, nítorí náà iṣan ńlá tó bo èjìká lóde rí agbára dá gbé apá sókè. Àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Ní ti ọ̀dọ́, wọ́n lè yá iṣan láti ẹ̀yìn wá síbẹ̀.