Irinṣẹ́ Àtijọ́: Ká Lò Ó àbí Ká Tọ́jú Rẹ̀?

Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹni tó bá ra ilé àtijọ́ ní Bowie tàbí Upper Marlboro, ní Prince George's County, Maryland, lè bá ayùn, àáké àti ìfági nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé. Ṣé kó máa fi ṣiṣẹ́ ni, àbí kó gbé e kọ́?

Ìbéèrè kan ló ṣáájú: bí irinṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ lónìí, ṣé a ó rí irú rẹ̀? Ìfági Stanley nọ́ńbà 4 kún ọjà àlòkù. Láti 1869 tí ilé-iṣẹ́ Stanley ti ra òwò ìfági Leonard Bailey ni wọ́n ti ń ṣe irú ìfági bẹ́ẹ̀. Ẹ pọ́n ọn, kẹ́ ẹ fi fági. Irin tó dára kò yẹ ní gbígbé kọ́ lásán.

Ti irinṣẹ́ oko tábà yàtọ̀. Fún nǹkan bí 300 ọdún, tábà ló gbé àgbègbè yìí ró, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà títí Maryland fi fòpin sí oko ẹrú ní 1864. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n má gbin tábà mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó di irinṣẹ́ wọ̀nyẹn mú, ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ojú ibi tí ọwọ́ ti jẹ èèkù ni ẹ̀rí wọn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ẹni tó bá bọ́ èèkù náà sọnù, tó fi tuntun sí i, ẹ̀rí ló sọ nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi yin W. Henry Duvall, ọmọ àgbègbè yìí, tó kó irinṣẹ́ tó lé ní 1,000 jọ. Wọ́n wà ní Duvall Tool Museum, nínú Patuxent River Park.

Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ńkọ́? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Epo díẹ̀ àti kànrìnkànrìn onírin tó rọ̀ tó láti bọ́ ìpẹtà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìpọ́nrin: bí ojú irin bá gbóná títí tó fi yí sí àwọ̀ aró, ó ti rọ̀ nìyẹn, kò ní mú pẹ́. Òkúta àti omi ló dára jù. Bẹ́ ẹ bá sì fi òróró linseed pa èèkù, ẹ tẹ́ àkísà rẹ̀ síta kó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó da ohun tó wà nínú ahéré yẹn nù, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ẹni tó ni ín àti iṣẹ́ tó fi ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.