Nígbà tí Maṣíìnì Bá Ń Jẹ Aṣọ: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Rán Ìrépé Pọ̀

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba fúrídọ́ọ̀mù, ní Ìkòsì, Kétu àti agbègbè wa gbogbo. Bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́, ìrépé ańkárá a máa kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Inú wa dùn pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í dà á nù mọ́, ẹ ń rán an pọ̀ di aṣọ ìbora àti ẹ̀wù ọmọdé. (Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà o. Òun ló ra aṣọ náà, títí dé èyí tó kéré jù níbẹ̀.)

Kò sí ìtìjú nínú aṣọ alábùlẹ̀. Ó wà nínú Muwatta ti Imam Malik pé Anas bin Malik rí Umar (R.A.) nígbà tó jẹ́ olórí ní Madina, tí àbùlẹ̀ mẹ́ta gun ara wọn ní àárín èjìká rẹ̀. Ní Senegal, àwọn Baye Fall, ọmọlẹ́yìn Ibra Fall tó kú ní 1930, ń wọ ẹ̀wù onírépé títí di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìrán ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Ẹ fi ègé méjì léra, ẹ tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì, ẹ tẹ̀ ẹ́, maṣíìnì sì gbé igun aṣọ mì. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, á ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Eyín irin kéékèèké wà lábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì, àwọn ló ń fa aṣọ lọ sẹ́yìn. Bí aṣọ bá kún abẹ́ ẹsẹ̀ náà, eyín á rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n ní etí aṣọ, pàápàá ní igun, kò rí nǹkan dì mú, abẹ́rẹ́ á sì ti aṣọ wọnú ihò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Orí òwú tí a kò dì mú á tún bá a wọlé, á sì lọ́ mọ́ ọn. Ẹ ronú sí i: aṣọ ìbora onírépé 100, tí a tò ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ní ojú ìrán 99. Ìgbà 99 ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀!

Maṣíìnì olórí dúdú àtijọ́, èyí tí ń rán gbọọrọ nìkan, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ aṣọ, nítorí ihò rẹ̀ kéré. Ti èyí tí ń ṣe sìgísáàgì fẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè rí ààyè yí sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá rí àwo irin oníhò kékeré tó bá tiyín mu, ẹ rà á fún iṣẹ́ ìrépé, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó padà sí sìgísáàgì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ á kán. Ẹ tún wo abẹ́rẹ́ náà. Èyí tó ti kú kì í gún aṣọ mọ́, ńṣe ló ń tì í. Nọ́ńbà 80, tí wọ́n tún ń pè ní 12, tó fún ańkárá. Nípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.8.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ìrépé aṣáájú. Ẹ ṣẹ́ ìrépé kékeré po sí méjì, ẹ rán an kọjá, ẹ má gé òwú. Bí abẹ́rẹ́ bá ti jáde níbẹ̀, ẹ rán ojú kan tàbí méjì lófo, kí ẹ sì ti ègé gidi tẹ̀ lé e. Eyín ti ń di nǹkan mú kí tiyín tó dé. Bí èyí bá parí, ẹ ti òmíràn sí i, wọn á máa jáde tẹ̀ léra bí ọmọ tẹ̀súbà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ rán ìrépé mìíràn, ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì, kí ẹ gé èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ ti ní aṣáájú fún ìgbà mìíràn nìyẹn.

Bí kò bá sí ìrépé nítòsí, ẹ fa òwú òkè àti ti bọ́bìnnì sẹ́yìn, ẹ dì wọ́n mú títí ẹ ó fi rán ojú mẹ́ta. Ẹ fi ọwọ́ yí abẹ́rẹ́ wọnú aṣọ kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe rán padà sẹ́yìn létí aṣọ, nítorí ó ń dá aṣọ padà sẹ́nu ihò náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì, ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó yí sọ́dọ̀ yín. Bí ó bá yí sódì, òwú á ta kókó. Fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ bébà tí wọn kò tẹ nǹkan sí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya á kúrò bí ẹ bá rán an tán.

Bí ó bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ má fà á! Ẹ pa iná, ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, ẹ yọ bọ́bìnnì, ẹ gé òwú láti ìsàlẹ̀. Bí kò bá tíì jáde, ẹ tú àwo irin náà, kí ẹ sì gbá èérún tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ta ni yóò san aṣọ tó ya? Nínú mazhab Maliki tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, oníṣẹ́ ọwọ́ bíi télọ̀ ló ń dúró fún ohun tí wọ́n gbé sí i lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kò ní san bí kò bá sí àìbìkítà. Lójú tiwa, ẹni tí kò kọ́kọ́ dán maṣíìnì wò lórí ìrépé kò lè sọ pé òun kò ṣàìbìkítà. Ẹ sọ fún oníbàárà kí ó tó rí i fúnra rẹ̀. Bí irú aṣọ náà bá wà ní Balógun, ẹ rà á. Bí kò bá sí, ẹ sọ iye tí ẹ ó san fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wò ó bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn.