Àpótí Ìmọ̀: LST-325, Ọkọ̀ Ogun A-forí-gun-yanrìn-má-fọ̀ọ́
Ọkọ̀ Amẹ́ríkà yìí, tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ní Philadelphia ní oṣù Ọ̀wàrà 1942, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 328, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó baà lè forí gun etíkun. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó gúnlẹ̀, a ju ìdákọ̀ró ńlá sómi láti ìdí rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì iwájú a ṣí gbayawu, afárá irin a wolẹ̀, táǹkì àti ọmọ ogun a sì tú jáde bí ìjàlọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ yóò wá fa okùn irin ìdákọ̀ró náà, tí ọkọ̀ yóò fi fẹ̀yìn rìn padà sójú agbami. Ó jagun ní Sísílì àti Salerno ní 1943, ó sì dé Normandy ní oṣù Òkúdu 1944. Ní 1964 ó di ti ilẹ̀ Gíríìsì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Syros. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó sá: àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ẹni 70 ọdún, ni wọ́n fúnra wọn tù ú láti erékùṣù Kírétè kọjá Àtìláńtíìkì, nínú òtútù tí ọ̀dọ́ pàápàá ń sá fún, títí ó fi gúnlẹ̀ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2001. Láti 2005, Evansville ní Indiana ni ibùdó rẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ inú rẹ̀ wò.